Zhu Rongji: mẹ́yọ̀ Shanghai tó padà wá gbowó lọ́wọ́ gbogbo mẹ́yọ̀

Lọ́dún 1988, ìlú Shanghai àti Beijing, ìyẹn ìjọba àpapọ̀ Ṣáínà, fẹnu kò lórí ìṣirò kan. Wọ́n gbà pé owó tó ń wọlé fún ìlú Shanghai lọ́dún jẹ́ bílíọ̀nù 16.5 yuan. Bílíọ̀nù 10.5 nínú rẹ̀ yóò lọ sí Beijing, bílíọ̀nù 6 yóò kù sí ìlú. Ọdún márùn-ún ni àdéhùn náà. Láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tó bá lé lórí 16.5 yẹn, Shanghai ló ni gbogbo rẹ̀. Láti ọdún kẹrin, wọ́n á pín in lọ́gbọọgba.

Oṣù kẹrin ọdún yẹn ni Zhu Rongji di mẹ́yọ̀ Shanghai. Kó tó pé ọdún mẹ́fà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1994, irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ di ohun ìgbàgbé ní gbogbo Ṣáínà, Zhu yìí kan náà ló sì pa á rẹ́. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń sáré kọjá Shanghai, kí wọ́n lè tètè dé ọdún 1998 tó di olórí ìjọba, àti 2001 tí Ṣáínà wọ WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé. Lójú tèmi, Shanghai ló yẹ kí wọ́n ti jókòó dáadáa. Ibẹ̀ ló ti rí bí ìlú ṣe ń di owó rẹ̀ mú kó má bàa lọ sí Beijing. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń di owó mú ló sì wà nígbà náà.

Kò tètè dé ipò agbára. Changsha ní ìpínlẹ̀ Hunan ni wọ́n bí i sí, ní oṣù kẹwàá ọdún 1928. Kò rí bàbá rẹ̀ sójú, ìyá rẹ̀ náà sì kú nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ní Yunifásítì Tsinghua láti 1947 sí 1951, ó wọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní 1949, ó sì bọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣètò ọrọ̀ ajé. Ní 1957, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ohun tó ń dùn wọ́n, òun náà la ẹnu. Ní 1958, wọ́n pè é ní ọ̀tá apá ọ̀tún, wọ́n sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Láti 1970 sí 1975, oko ni wọ́n rán an lọ, kó lọ máa fi agbára ṣiṣẹ́. Ọdún 1978 ni wọ́n tó fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ogún ọdún ti lọ.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n yan án sí Shanghai ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ẹni ọdún 59 ni, kò sì tíì ṣàkóso ìlú tàbí ìpínlẹ̀ kankan rí. Àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣètò iléeṣẹ́ ìjọba láti Beijing ló ti ń bọ̀. Ó mọ ìwé ìṣirò iléeṣẹ́. Kò tíì gbé inú wàhálà ọjà ẹ̀fọ́ àti bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́.

Ipò mẹ́yọ̀ ní Ṣáínà kì í ṣe ohun tí ará ìlú ń tò sórí ìlà dìbò fún. Ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ló máa ń mú ẹni tó tọ́ lójú wọn, lẹ́yìn èyí ni ilé aṣòfin ìlú yóò wá dìbò fọwọ́ sí i. Mẹ́yọ̀ kọ́ sì ni olórí pátápátá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìlú ló wà lókè rẹ̀: akọ̀wé ló ń sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ àti ẹni tí wọ́n máa yàn, mẹ́yọ̀ ló ń wa ọkọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń bú bí epo bá tán lọ́nà. Nígbà tí Zhu dé, Jiang Zemin ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Shanghai. Nígbà tí wọ́n gbé Jiang lọ sí Beijing ní oṣù kẹfà ọdún 1989 láti wá ṣe akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́, Zhu di akọ̀wé ìlú ní oṣù kẹjọ, ó sì tún ń ṣe mẹ́yọ̀ lọ títí di 1991. Irú àkópọ̀ ipò bẹ́ẹ̀ kì í wọ́pọ̀, ó sì wà lára ìdí tí nǹkan fi yára.

Ìlú tó bá, ìlú tí wọ́n ti fún gbẹ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo owó ìjọba Ṣáínà ló ń ti Shanghai wá, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé fún ìlú náà ló sì ń gba Beijing lọ. Ilé kò tó. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń pín ilé ìdáná kan lò, tí wọ́n sì ń gbé póò ìgbẹ́ jáde láràárọ̀. Odò Huangpu pín ìlú sí méjì, ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì fi ń sọdá. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1987, kùrukùru dá ọkọ̀ dúró ní Lujiazui. Nígbà tó fò lọ, tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀, èrò rọ́ lu ara wọn ní èbúté, ènìyàn 66 ló kú. Àwọn ará Shanghai ní ọ̀rọ̀ kan nígbà yẹn pé bẹ́ẹ̀dì kan ní Puxi sàn ju yàrá kan lọ ní Pudong, òdìkejì odò. Kì í ṣe àwàdà lásán.

Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Zhu jù ní Shanghai ni ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀. Bí iléeṣẹ́ òkèèrè bá fẹ́ dá fáktírì sílẹ̀, ó di dandan kí ìwé rẹ̀ gba òǹtẹ̀ 126, gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n máa ń dá. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ti ilẹ̀, ti iná, ti omi, ti iṣẹ́, ti owó òkèèrè, ti iléeṣẹ́ tó wà lókè iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá dòwò pọ̀. Kì í ṣe pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kọ̀. Bí ẹnì kan péré bá jókòó lé ìwé, gbogbo ẹ̀ dúró nìyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, Zhu dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ìdókòwò òkèèrè, òun fúnra rẹ̀ ni alága. Àwọn ọ́fíìsì tó ń lu òǹtẹ̀ fi aṣojú ránṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ òrùlé kan, ìgbìmọ̀ náà sì ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ tó tó fún gbogbo wọn. Àwọn oníṣòwò òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Zhu Olóǹtẹ̀-Kan.

Ìtàn yẹn dùn, wọ́n sì ti sọ ọ́ títí ó fi di àlọ́. Ohun tí àlọ́ náà máa ń fò ni ìdí tó fi ṣeé ṣe. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo kò ní nǹkan kan ṣe bí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò bá lè fipá mú ọ́fíìsì iná láti fa wáyà. Mẹ́yọ̀ tó jẹ́ alága ló fún un ní eyín. Irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé fún ọ̀gá kékeré kan láti máa ṣe olórí rẹ̀ sábà máa ń di òǹtẹ̀ kẹtàdínláàádóje lórí 126 tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ ni èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbajúmọ̀ tó òǹtẹ̀. Òfin Ṣáínà sọ pé ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀ ìlú, títí di 1988 ni òfin náà sì fi ka títà tàbí yíyá rẹ̀ léèwọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n ṣàtúnṣe: ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọba, àmọ́ ẹ̀tọ́ láti lò ó ṣeé tà fún iye ọdún kan. Shenzhen ti gbìyànjú rẹ̀ wò ní oṣù kejìlá 1987 kí òfin tó yí padà. Shanghai ṣe tirẹ̀ fún àwọn àjèjì. Wọ́n mú ilẹ̀ kan ní Hongqiao, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 26 sí, tó fẹ̀ díẹ̀ kọjá hẹ́kítà kan, wọ́n pe àwọn oníṣòwò láti ibikíbi láyé pé kí wọ́n kọ iye tí wọ́n lè san sínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Iléeṣẹ́ Japan kan ló borí pẹ̀lú mílíọ̀nù 28.05 dọ́là, fún ọdún 50. Fún ìlú tó ń tọ́jú bílíọ̀nù 6 yuan péré lọ́dún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, ilé ìwé àti ojú ọ̀nà, owó yẹn là wọ́n lójú. Hẹ́kítà kan! Ìlú náà sì kún fún ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kan náà ló wà nídìí Pudong. Ìròyìn pé wọ́n fẹ́ kọ́ ọ jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1990 láti ẹnu Li Peng tó jẹ́ olórí ìjọba: kìlómítà onígun mẹ́rin 350, tí púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ oko ẹ̀fọ́ àti àwọn fáktírì ẹ̀gbẹ́ odò. Kí ilẹ̀ Pudong tó lè tà, ó ní láti ṣeé dé. Iṣẹ́ lórí afárá Nanpu ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá 1988. Àwọn kan láti Japan ti fẹ́ yá wọn lówó pẹ̀lú èrò pé àwọn náà ni yóò ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Li Guohao ti Yunifásítì Tongji kọ̀wé sí àwọn olórí ìlú pé ọmọ Ṣáínà lè ṣe é, Zhu sì gbà. Lin Yuanpei ló darí àwòrán náà, ẹ̀yáwó wá láti Asian Development Bank, mítà 423 sì ni àárín afárá náà gùn láti òpó dé òpó. Ó ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 1991. Mẹ́yọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lọ nígbà náà.

Ó ṣe nǹkan méjì mìíràn tí mo máa mẹ́nu bà ní ṣókí. Ó lọ sí Hong Kong àti Singapore ní 1990, ó sì kéde níbẹ̀ pé Shanghai yóò ní ọjà ìpín ìdókòwò kí ọdún tó parí. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá, nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan, pẹ̀lú iléeṣẹ́ mẹ́jọ péré. Èkejì, láti Singapore ló ti rí ètò tí òṣìṣẹ́ fi ń dá owó jọ fún ilé: òṣìṣẹ́ á fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gá á fi ìdá 5 kún un, orúkọ òṣìṣẹ́ ni owó náà yóò sì jẹ́. Shanghai bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1991, ó sì tàn káàkiri Ṣáínà títí dòní.

Ọ̀rọ̀ ìwọ́de 1989 kò ṣeé fò, èyí tí àwọn ọmọ ogun fi ìbọn tú ká ní Beijing. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ Shanghai náà jáde, wọ́n dí ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ọkọ̀ ojú irin já wọ àárín èrò níbi tí ojú ọ̀nà ti ré irin kọjá, ènìyàn 6 kú, àwọn tó bínú sì dáná sun ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹjọ, Zhu bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun kò fìgbà kan rò ó láti pe ọmọ ogun wọ Shanghai, àti pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Beijing ti di ìtàn, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìtàn pamọ́. Ọmọ ogun kò wọ̀lú. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń yìn ín, ìyìn náà sì tọ́ sí i. Àmọ́ kí ẹni tó ń yìn ín rántí pé lọ́jọ́ 21 oṣù yẹn, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta nítorí ọkọ̀ ojú irin tó jó, lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ tí kò pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1991, wọ́n pè é sí Beijing gẹ́gẹ́ bí igbákejì olórí ìjọba. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ jẹ́ ti gbèsè onígun mẹ́ta: iléeṣẹ́ A jẹ B, B jẹ C, C jẹ A, kò sì sẹ́ni tó lówó lọ́wọ́ láti san. Ó wá ibi tí okùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìsí owó tó tó. Ó ní kí báńkì fi owó síbẹ̀, kí wọ́n sì tọpa rẹ̀ bó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Yuan kan tó wọ ibi tó tọ́ tú gbèsè bí yuan mẹ́rin. Ní oṣù keje 1993, ó tún di gómìnà báńkì àpapọ̀, nítorí ọjà ń wọ́n bí iná. Ní 1994 ọ̀wọ́n gógó dé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù 10.5 padà dé, ẹni tó ti jẹ níbẹ̀ ló sì ń ṣèdájọ́. Ní 1993, ìdá 22 péré nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba Ṣáínà ló ń dé ọwọ́ Beijing. Àdéhùn tí olúkúlùkù ṣe ló fà á. Bí ìlú bá mọ̀ pé ohun tó bá kọ sínú ìwé ni wọ́n máa pín, kò ní kọ gbogbo rẹ̀. Owó tí Shanghai ń kọ sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan ní gbogbo ọdún àdéhùn náà. Ìlú Beijing fúnra rẹ̀ ti ṣe àdéhùn pé owó òun á máa fi ìdá 4 lé sí i lọ́dọọdún. Ìdá 4 gẹ́lẹ́ ló sì ń lé, lọ́dọọdún. Liu Zhongli, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà, sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé nígbà tí wọ́n fọ́ ètò ọ̀hún, bílíọ̀nù 9.8 yuan ni wọ́n bá níbi tí ìlú náà fi í pamọ́ sí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le: wọ́n á yọ owó orí fún iléeṣẹ́ tiwọn, wọ́n á sì gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn, lábẹ́ orúkọ tí kò sí nínú ìwé àdéhùn.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Zhu gbẹ́ ẹ. Láti oṣù kẹsàn-án 1993, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúná lẹ́yìn, ó lọ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì fún oṣù méjì àti ààbọ̀, ìpínlẹ̀ 17. Guangdong ló le jù, nítorí òun ló ń jẹ àǹfààní jù. Ìlànà náà rọrùn láti sọ: VAT, tó pọ̀ jù nínú owó orí, ìdá 75 fún Beijing, ìdá 25 fún ìpínlẹ̀. Owó orí tó wà lórí sìgá, ọtí, epo àti mọ́tò, ti Beijing pátápátá. Láti mú kí àwọn ìpínlẹ̀ gbà, Beijing yóò dá owó padà fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí kéré sí ohun tó ń rí tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé: ọdún wo ni "tẹ́lẹ̀"? Beijing fẹ́ 1992. Guangdong ní 1993. Zhu gbà fún wọn.

Kí ni àwọn ìpínlẹ̀ wá ṣe? Oṣù díẹ̀ ló kù kí 1993 parí. Gbogbo ènìyàn tú jáde lọ gba owó orí: gbèsè ọjọ́ pípẹ́, ti iléeṣẹ́ tó ti ń kú lọ, ti ọdún tó ń bọ̀ pàápàá, kí iye 1993 lè ga, kí ohun tí Beijing máa dá padà lè pọ̀. Wọ́n mọ̀ ní Beijing. Owó ìpìlẹ̀ náà wú, ṣùgbọ́n Zhu ti fi nǹkan kan pamọ́ sínú ìṣirò: bí VAT bá fi ìdá 1 lé sí i, owó ìdápadà yóò fi ìdá 0.3 péré lé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìdápadà náà ń sún kì, ti Beijing ń tóbi. Wọ́n tún pín ọ́fíìsì owó orí sí méjì ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ti Beijing, ọ̀kan ti ìbílẹ̀, kí ẹni tó ń gba VAT má bàa jẹ́ òṣìṣẹ́ mẹ́yọ̀. Ní 1994, ìpín Beijing bọ́ sí ìdá 55.7.

Owó lọ, iṣẹ́ kò lọ. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ojú ọ̀nà, owó ìfẹ̀yìntì: nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ìjọba ṣì wà lọ́rùn ìpínlẹ̀ àti ìlú. Òfin ìṣúná tuntun sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti ya owó bọ́ǹdì fúnra wọn. Ohun kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn pátápátá: owó ilẹ̀. Ní 1994, kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan ńlá.

Zhu di olórí ìjọba ní oṣù kẹta 1998. Ó dín àwọn iléeṣẹ́ mínísítà kù láti 40 sí 29, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ju mílíọ̀nù 20 lọ pàdánù iṣẹ́ láàárín ọdún díẹ̀, ó sì dá pípín ilé ọ̀fẹ́ fún òṣìṣẹ́ dúró. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló so ohun gbogbo pọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ilé gbọ́dọ̀ rà á, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tà gbọ́dọ̀ ra ilẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹ́yọ̀ nìkan ló sì ti lè rà á. Ohun tí Shanghai ṣe lórí ilẹ̀ nọ́ńbà 26 wá di iṣẹ́ òòjọ́ gbogbo mẹ́yọ̀ Ṣáínà: gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, fa ọ̀nà àti omi síbẹ̀, tu ú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa pọ̀ lọ́jà, tà á fún ẹni tó lówó jù, fi èyí tí o kò tíì tà dúró ní báńkì.

Àwọn kan dá Zhu lẹ́bi. Ó dáhùn fúnra rẹ̀ ní 2011, nígbà tí Yunifásítì Tsinghua pé ọgọ́rùn-ún ọdún, lọ́dún kẹjọ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ètò pípín owó orí kọ́ ló ṣe é. Ìlànà tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọ́n fi gbogbo owó ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀, wọn kò sì kó o sínú ìṣúná, owó tí wọ́n ń fún lára ará ìlú ni. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ìdajì. Lóòótọ́, òfin owó ilẹ̀ yàtọ̀ sí ti VAT. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ mẹ́yọ̀ tó rí mílíọ̀nù 28 dọ́là lórí hẹ́kítà kan kò lè sọ pé òun kò mọ ibi tí mẹ́yọ̀ tí wọ́n gba VAT lọ́wọ́ rẹ̀ máa kọjú sí.

Ní 2021, owó ilẹ̀ tó wọlé fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ṣáínà dé tírílíọ̀nù 8.7 yuan. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn akọ́létà ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, owó ilẹ̀ náà sì ń já wálẹ̀: ní 2022 ó jẹ́ 6.7, ní 2023 ó jẹ́ 5.8, ní 2024 ó kù sí 4.9. Ní báyìí, wọ́n ti da ọ́fíìsì owó orí méjèèjì pọ̀ láti 2018, wọ́n sì ti ní kí ọ́fíìsì tó para pọ̀ yìí máa gba owó ilẹ̀ náà, láti 2022 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Owó náà ṣì ń padà sápò ìlú. Àmọ́ Beijing lè ka yuan kọ̀ọ̀kan báyìí bó ṣe ń wọlé.